Ọ̀rọ̀ Tí Reino Yá Lẹ́nu Fíìmù

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá

Elégédé tí Bev fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà wa lóṣù tó kọjá kò tíì jẹrà tán, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ fíìmù Kérésìmesì lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí ọ̀kan bá ṣe ń parí ni òmíràn ń bẹ̀rẹ̀, láti ọ̀sán títí di ìgbà tí oorun á fi gbé èèyàn lọ. Ọwọ́ òsì, èyí tó ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ni Reino, ọkọ mi, fi di rìmóòtù mú. N kò gbìyànjú láti gbà á.

Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra ni èmi ti máa ń wà ní kíṣìnnì pẹ̀lú ìwé mi, tí màá ti ilẹ̀kùn, tí òun á wà ní pálọ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin inú fíìmù wọ̀nyẹn tí wọ́n ń wọ kóòtù pupa bọ̀ láti ìlú ńlá. Ọkọ mi, tó ń fi katakata gbá yìnyín kúrò lójú títì, tó ń pa àgbọ̀nrín, tí kò sunkún níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀, ni fíìmù ìfẹ́ máa ń pa lẹ́kún. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò mọ̀. Bev, àbúrò rẹ̀, nìkan ló mọ̀, torí òun náà ń wò ó.

Nísinsìnyí n kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́. Bí ó bá ní kí òun dá dìde, yóò ṣubú. Mo gbé ìwé mi wá sí pálọ̀, mo ń ka ojú ewé kan náà ní àkàtúnkà.

Ohun méjì péré ni rọpárọsẹ̀ fi sílẹ̀ sí i lẹ́nu: "bẹ́ẹ̀ ni", àti èébú kan tí n kò ní kọ síbí. Ṣé òùngbẹ ń gbẹ ọ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé o ti mu omi yó? Bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹyin ti tún gbówó lórí. Òjò tó fẹ́ di yìnyín ń bọ̀ láti orí adágún.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Yìnyín àkọ́kọ́. Katakata gba iwájú ilé kọjá láàárọ̀, ẹlòmíràn ló ń wà á. Reino kọjú sí ògiri.

Ọjọ́rú, 12

Janelle wá. Òun ni ọmọbìnrin tí ilé ìwòsàn ń rán sí wa láti kọ́ Reino ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ọmọ náà kò gbójú kúrò lára aláìsàn bí àwọn kan ti máa ń ṣe.

"Ẹ jẹ́ kó máa bú èébú yẹn, Mà," ó sọ fún mi. "Èébú náà, ọ̀rọ̀ ni."

"Ó ti bú ẹ rí ni?"

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó já geere. Inú mi dùn dé ilé."

Ó ní ohun tí ẹnu bá ti sọ títí tó ti mọ́ ọn lára, bí orin, àdúrà àti ìkíni, lè gba ọ̀nà ẹ̀bùrú jáde nígbà tí ọ̀nà tààrà bá ti dí. Kí n máa bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, kí n dákẹ́, kí n jẹ́ kó parí rẹ̀.

Lẹ́yìn tó lọ, mo bẹ̀rẹ̀ Àdúrà Olúwa. Reino gbà á lẹ́nu mi ní "ní ọ̀run", ó sì gbé e dé "àmín" láìkọsẹ̀. Orí mi wú. Mo wá bi í pé kí ni òun fẹ́ jẹ lálẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni.

Ta ló wá gba àdúrà yẹn? Ṣé Reino ni, àbí àdúrà ló gba ara rẹ̀?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Òní ni wọ́n ṣí igbó fún àwọn ọdẹ àgbọ̀nrín. Kò sí ọkùnrin kan ní gbogbo àdúgbò. Ẹ̀wù ọdẹ Reino, aláwọ̀ ọsàn, wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ gbé e pamọ́ kó tó jí, n kò sì mọ̀ bóyá gbígbé e pamọ́ ló máa dùn ún jù. Mo fi í sílẹ̀.

Ó sì ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sán. Nínú fíìmù, agbẹjọ́rò obìnrin kan wá láti ìlú ńlá láti ta ilé àlejò ìyá rẹ̀ àgbà. Ọkọ̀ rẹ̀ rì sínú yìnyín. Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa onígun mẹ́rin-mẹ́rin wọ́ ọ jáde, ó ní ajá, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Gbogbo ìlú péjọ láti tan iná igi Kérésìmesì. Ọkùnrin náà ní, "Inú rẹ kì í dùn sí ọdún ni?" Obìnrin náà wo iná, ó la ẹnu.

"Mo ti gbàgbé bó ṣe máa ń rí," ni Reino sọ.

Obìnrin inú fíìmù sì sọ ọ́ tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ kan náà gan-an.

Ìwé já bọ́ lórí itan mi. Reino ń rẹ́rìn-ín, apá kan ẹnu rẹ̀ nìkan ló gòkè. Ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi títí di báyìí ni pé ọdún yìí ni wọ́n ṣe fíìmù náà. Kò wò ó rí. Kì í ṣe ohun tó kọ́ sórí. Ṣe ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ó sì dúró dè é níbẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe olùkọ́ ni mo fi ń bẹ àwọn ọmọ ilé ìwé kí wọ́n máa kàwé báyìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Bev dé pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ ẹran àgbọ̀nrín àti pépà ayò rẹ̀. Ọdọọdún ni òun àti Reino máa ń ta á. Olúkúlùkù á gba pépà tó ní ojú mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n á ti kọ ohun tí a retí nínú fíìmù sínú ojú kọ̀ọ̀kan: kọfí dà sí ọkùnrin láyà; ìyẹ̀fun wà lórí imú obìnrin; àfẹ́sọ́nà láti ìlú ńlá dé pẹ̀lú kóòtù olówó iyebíye; ọkùnrin tálákà já sí ọba ilẹ̀ kékeré kan tí kò sí lórí àwòrán ayé. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, o máa fi ẹ̀wà kan lé ojú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ to ẹ̀wà tán lórí ìlà kan ló jẹ ayò.

"Ìyàwó wa, gbé ìwé yẹn sílẹ̀," Bev sọ. "Ẹni tó kọ ọ́ ti kú. Kò ní mọ̀."

Mo gba pépà kan láti fi gbọ̀n ọ́n nù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yọjú wo tèmi o. Ọwọ́ kan ló kú mọ́ yín lára, ojú méjèèjì ṣì wà, mo mọ̀ yín."

Reino bú u. Bev ní, "Ẹ ṣé, ìyá yín náà."

Ìgbà tó kù díẹ̀ kí ọkùnrin àti obìnrin inú fíìmù fẹnu kora ni gbogbo wa mọ̀ pé ohun kan gbọ́dọ̀ dá wọn lẹ́kun. Bí wọ́n bá fẹnu kora báyìí, kí ni wọ́n fẹ́ fi ìyókù ṣe? Bev fi ọwọ́ lé orí pépà. "Ajá ni. Ajá ló máa gbó. Ìyàwó wa, kí ni tìrẹ?"

Mo ní ọmọdé ló máa wọlé.

"Fóònù," ni Reino sọ.

Fóònù obìnrin náà dún. Reino mú ẹ̀wà, ó fi lé ojú pépà rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bev ju ẹ̀wà tirẹ̀ sílẹ̀.

"Ó sọ̀rọ̀," ó sọ. "Ó ronú, ó sì sọ ọ́."

"Ó sọ ohun tó mọ̀ pé ó ń bọ̀."

"Ìwọ àti iyèméjì rẹ. Tí Jésù bá rìn lórí adágún wa yìí, wàá ní yìnyín ló dì."

Ọjọ́ Àìkú, 23

Bev ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti ń mu kọfí lẹ́yìn ìsìn. Pásítọ̀ ti kéde rẹ̀. Fóònù kò sinmi láti ọ̀sán. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ sunkún sí mi létí nítorí iṣẹ́ ìyanu. Àwọn tó ń wo irú fíìmù yìí nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe yìí: wọ́n gbọ́ apá kan, wọ́n ti mọ ìyókù.

Karin, ọmọ wa, pè láti Grand Rapids. "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ẹ gbé fóònù fún Dádì."

Mo gbé e sí i létí. Mo ń gbọ́ ohùn ọmọ mi tó ń bi í ní ìbéèrè, tó ń dákẹ́, tó ń bi òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni, ni Reino ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní òun ń bọ̀ wá bá wa ṣe ọdún Ìdúpẹ́ ní Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Lánàá, Karin wakọ̀ gba afárá tó so ìhà gúúsù pọ̀ mọ́ tiwa wá pẹ̀lú tòlótòló tó ti sun tán, torí kò fẹ́ kí n gbé ìkòkò. Bev kí i lẹ́nu ọ̀nà: "Ará ìsàlẹ̀ afárá, ẹ káàbọ̀ sí ilé ayé." Karin ní, "Àǹtí, ẹ ṣì wà láyé? A rò pé yìnyín ti bò yín." Wọ́n dì mọ́ra.

Oúnjẹ ń lọ dáadáa. Karin bu ọ̀dùnkún fún bàbá rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú kí ó lè fi aṣọ nu ẹnu rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là tàn sí i lójú. Reino wò ó. Ó fi ohùn kan tó mọ́ kedere sọ pé, "O rẹwà gan-an nínú ìmọ́lẹ̀ yìí."

Bev rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Karin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo bá a níbi tó ti ń fọ abọ́, omijé ń kán sínú ọṣẹ.

"Mọ́mì, fíìmù ló ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe Dádì."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ wá ń jẹ́ kí gbogbo ìjọ máa dúpẹ́."

"Àǹtí rẹ ló sọ fún wọn. Ta ló fẹ́ di Bev lẹ́nu?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan wà tí kò jìnnà sí ilé òun, yàrá kan ṣófo níbẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi. Wọ́n á fi yàrá náà sílẹ̀ dè wá títí di Àbámẹ́ta tó ṣáájú Kérésìmesì. Ó ti sọ fún wọn pé a ń ronú sí i.

"Àwa wo?" mo bi í.

"Ẹ wo èjìká yín, Mọ́mì. Ẹ ò lè gbé ìkòkò sókè. Báwo lẹ ṣe ń gbé èèyàn?"

Láti ọjọ́ tí Reino yọ̀ lọ́wọ́ mi ní balùwẹ̀ ni èjìká ti ń dùn mí. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n bò.

"Kò sí ẹni tó bi í," mo sọ.

"Ẹ bi í nígbà náà. Tó bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó fẹ́ wà, n kò ní bá yín jiyàn mọ́. Ibi yòówù kó jẹ́. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ òun, kó má jẹ́ obìnrin oníkóòtù pupa."

Mo gbà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. N kò sọ fún un pé nígbà tó dárúkọ yàrá yẹn, ohun àkọ́kọ́ tí mo rí kì í ṣe Reino nínú rẹ̀. Èmi ni mo rí, lórí ibùsùn mi níbí, tí mo ń sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kejìlá

Yìnyín di ẹnu ọ̀nà pa. Owó epo tí a fi ń mú ilé gbóná ti fò sókè. Èjìká.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6

Mo gbé àbẹ́là méjì sójú fèrèsé lónìí, bí ìyá Reino ti máa ń ṣe fún òmìnira ilẹ̀ Finland. Reino kò yé wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ó wá fíìmù kan.

Ó yẹ kí n kọ èyí sílẹ̀, níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tó máa kà á: mo ń gbádùn àwọn fíìmù wọ̀nyí. Kì í ṣe nítorí Reino mọ́. Nígbà tí mo ń wẹ abọ́ lónìí, ṣe ni mo ń yára kí n má bàa pàdánù ibi tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun. Ìmọ́lẹ̀ inú wọn dára. Gbogbo ilé ló mọ́. Kò sí ẹni tó ń gbé ẹnikẹ́ni lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ pé ìtàn tó dára gbọ́dọ̀ ya èèyàn lẹ́nu. Ta ló sọ fún mi? Kò sí ẹni tó ń bínú sí àlọ́ pé òun ti mọ ìparí rẹ̀. Ẹni tí ojoojúmọ́ ń yà lẹ́nu kì í tún wá ìyàlẹ́nu kiri.

Ibì kan ṣoṣo ló ń bí mi nínú. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kó parí, ọ̀kan nínú wọn á gbọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀, á ní, "Mo gbọ́dọ̀ lọ. Ó sàn fún ọ bẹ́ẹ̀," á sì kó ẹrù. Ìbéèrè kan péré ló lè tún un ṣe. Wọn kì í bi ara wọn. Mo máa ń sọ fún obìnrin náà pé, bi í, ìwọ òmùgọ̀ yìí, bi í.

Mo sọ ọ́ sókè lónìí. Reino yíjú, ó wò mí.

Ọjọ́rú, 10

Mo bi í.

Mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo jókòó síwájú rẹ̀, mo sọ fún un nípa Grand Rapids, yàrá náà, igi ojú fèrèsé, Karin tí yóò máa wá lójoojúmọ́. N kò fi ohun kan pamọ́. Ó tẹ́tí. Mo ní, ṣé o fẹ́ lọ? Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, ṣé o fẹ́ dúró? Bẹ́ẹ̀ ni. Ó mọ̀ pé méjèèjì kò lè jẹ́ òótọ́. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀. Ó bú èébú rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì gbá apá àga, ó tún gbá a.

Mo tan tẹlifíṣọ̀n padà.

Ọjọ́bọ̀, 11

Fíìmù òní: obìnrin kan tó ń se oúnjẹ ní ilé oúnjẹ ńlá. Iṣẹ́ tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí ti dé, wọ́n fẹ́ kó wá sí ilẹ̀ Faransé. Ó wà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ó ya tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí méjì.

"N kò lọ mọ́," ni Reino sọ ṣáájú rẹ̀. "Ibí ni mo fẹ́ wà."

Ṣùgbọ́n kò wo tẹlifíṣọ̀n. Èmi ló ń wò.

Bóyá ó ń wò mí kó tó sọ ọ́. Bóyá ṣe ni mo mira tó fi yíjú. N kò lè búra.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Janelle wá bẹ̀ wá wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀. Mo ròyìn Ọjọ́bọ̀ fún un.

"Ṣé òun ló sọ ọ́?" mo bi í.

"N kò mọ̀, Mà."

"Iṣẹ́ rẹ ni."

"Iṣẹ́ mi ni, n kò sì mọ̀. Mo lè sọ fún yín pé ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti sọ ọ́. N kò lè wọ inú rẹ̀ lọ wò bóyá ó fẹ́ ẹ." Ó mu kọfí rẹ̀. "Bó bá jẹ́ ẹnu ara rẹ̀ ló ń wá ọ̀rọ̀, kò ní já geere. Á kọsẹ̀. Á làágùn."

Mo fẹ́ kó jẹ́ pé òun ló sọ ọ́. Ìdí sì nìyẹn tí n kò fi gba ara mi gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

A ṣubú.

Láti pálọ̀ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kọ́ kápẹ́ẹ̀tì, mo ní kí n dì í mú, èjìká mi já mi sílẹ̀, àwa méjèèjì wọ́ ògiri dé ilẹ̀. Kò sí ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ́. N kò kàn lè dìde pẹ̀lú ìwúwo rẹ̀ lórí apá mi, òun náà kò sì lè yí kúrò. Fóònù wà lórí tábìlì. Bev ti ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ohun tó kù ni ká dúró dè é.

Tẹlifíṣọ̀n ń lọ ní pálọ̀, a kò rí i, a ń gbọ́ ọ. Olùtọ́jú ilé ìkàwé kan àti ọkùnrin tó fẹ́ wó ilé ìkàwé náà. Yìnyín ń bọ́ láti orí òrùlé. Ọkùnrin náà ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?" Mo gbọ́ ẹnu ara mi tó ń dáhùn lórí kápẹ́ẹ̀tì, kí obìnrin náà tó dáhùn: "Ẹ̀rù bà mí pé wàá lọ."

Obìnrin náà sọ ọ́. Reino bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ìmí rẹ̀ ń gbóná sí mi lọ́rùn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí débi pé mo ké. N kò fẹ́ ké. Ẹ̀rín rẹ̀ dá. Títí Bev fi dé ló fi ń fọwọ́ òsì pa mí lórí, bí èèyàn ti ń pa ajá tó ń kú lọ.

Bev dúró lókè orí wa. "Ẹ wò wọ́n. Ilé kún fún àga." Ó fà wá dìde, Reino kọ́kọ́, èmi tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Karin dé ṣáájú ìjì. A mu kọfí, a jẹ àkàrà òyìnbó Kérésìmesì tí Bev ṣe, tí èso gbígbẹ wà láàrin rẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Mo ti ronú sí i dáadáa. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, ibi tí gbólóhùn náà ń lọ ni yóò gbé e lọ, èmi ni yóò sì ti yàn fún un. Nítorí náà, n kò bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Mo ní, "Reino, Karin ti wá gbọ́ tẹnu rẹ. Níbí tàbí lọ́dọ̀ rẹ̀. N kò ní ràn ọ́ lọ́wọ́."

Afẹ́fẹ́ ń lu fèrèsé. Karin la ẹnu, mo gbé ọwọ́ sókè, ó pa á dé.

"Mo gbọ́dọ̀ lọ," ni Reino sọ.

Ó já geere. Karin wò mí. A jọ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Mo ń dúró de ìyókù: *ó sàn fún ọ bẹ́ẹ̀*. Kò sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ó pa dé, ojú rẹ̀ pọ́n, òógùn yọ lábẹ́ irun rẹ̀. Èébú yẹn ló kọ́kọ́ jáde. Ó mi orí, ó ti èébú náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ó," ó sọ. "Ó ti. Ó ti rẹ... Ellen. Ó ti rẹ Ellen."

Kò pe orúkọ mi láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àrùn yìí ti kọ lù ú.

"Kò rẹ̀ mí," mo sọ.

Ó bú mi. Karin, tó ti ń sunkún, bú sẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Ohun tó fẹ́ ló ti rí gbà yìí, ojú rẹ̀ kò sì jọ ojú ẹni tó rí nǹkan gbà.

Ọjọ́ Àìkú, 21

Mo ti wá inú gbogbo fíìmù wọ̀nyẹn, gbogbo èyí tí mo rántí. Àwọn Holly wà, àwọn Noelle, àwọn Kate. Kò sí Ellen nínú ọ̀kankan.

Nínú fíìmù, ẹni tó ní òun ń lọ torí ẹnì kejì máa ń ṣì í ṣe. Ẹnì kejì á sáré tẹ̀ lé e nínú yìnyín láìwọ ìbọ̀wọ́, á bá a ní ẹnu géètì, á ní, ìwọ ni o kò gbọ́ mi yé. Bev fẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kò ṣe àwàdà rárá.

"O máa jẹ́ kó lọ ni?"

"Òun ló sọ pé òun ń lọ, Bev. Ìwọ lo ní ó ti ń sọ̀rọ̀."

Bev fa fìlà rẹ̀ bo etí.

Ẹni tó ń sáré nínú fíìmù, èjìká rẹ̀ kò ya. Kì í sì í ṣe pé Reino gbọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Ó wà lórí kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ pẹ̀lú mi, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò tọ́, nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mo ń bẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, irú èèyàn wo ni mo jẹ́?

Mo fẹ́ kó dúró. Mo kọ ọ́ síbí kó lè wà níbì kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23

Afẹ́fẹ́ lágbára lórí afárá, wọ́n ní ká máa rìn jẹ́jẹ́. Karin ló ń wakọ̀. Reino jókòó níwájú, ó ń wo omi. Nígbà tí a bọ́ sórí ilẹ̀ lódìkejì, ọkọ̀ tó ń gbá yìnyín wà níwájú wa, a sì tẹ̀ lé e títí. Reino ń fọwọ́ òsì tọ́ka sí ibi tí ẹni tó ń wà á ti ń ṣe é bàjẹ́.

Mo bá a to aṣọ sínú dúrọ́ọ̀ yàrá rẹ̀ tuntun. Fèrèsé náà kọjú sí igi lóòótọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 28

Ilé Karin ni mo wà títí ọdún tuntun. Mo sùn. Oorun tí mo sùn lánàá, Karin ní òun wá gbọ́ bóyá mo ṣì ń mí. Nígbà tí mo jí, ojú tì mí pé mo sùn dáadáa. Mo mu kọfí, mo wẹ̀, ojú ṣì ń tì mí díẹ̀.

Mo pẹ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lónìí. Kò sí nínú yàrá. Wọ́n ní ó wà ní pálọ̀ gbogbogbòò, níbi tí tẹlifíṣọ̀n ńlá wà. Kérésìmesì ti kọjá, wọn kò tíì dẹ́kun fíìmù náà. Mo ń gbọ́ agogo wọn láti ọ̀ọ̀dẹ̀. Gbogbo àga ló kún àyàfi ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Reino. Ìyá àgbà kan wà tó gbára lé ọ̀pá, tó dúró ti ògiri, inú rẹ̀ kò dùn.

"Ṣé ẹ̀yin ni ìyàwó rẹ̀?" ó bi mí.

Mo ní èmi ni.

"Ẹ bá mi bá ọkọ yín wí. Mo fẹ́ jókòó síbẹ̀ látàárọ̀, kò gbà. Ó ní ẹnì kan wà níbẹ̀."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán. Ó sì bú mi kó tó sọ ọ́. Àmọ́ ó sọ ọ́. *Ẹnì kan wà níbẹ̀.* Mo ní, èwo ni ẹnì kan, n kò rí ẹnikẹ́ni."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, mo lọ gbé àga kan wá fún un láti yàrá Reino, mo fi ọwọ́ tó dára gbé e. Lórí tẹlifíṣọ̀n, obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, bàtà rẹ̀ kò tọ́ sí yìnyín. Reino kò yíjú. Ó na ọwọ́ òsì, ó gbé ẹ̀wù otútù rẹ̀ kúrò lórí àga tó ṣófo náà.

Mo jókòó.